Nígbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ta ni ń wo ìyá?

Mo bá àwọn abiyamọ, àwọn ìyá àgbà àti àwọn ọkọ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbọ̀ngàn kan ní Adó-Èkìtì. Mo tún un kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà kún un.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ pọn ọmọ wá síbí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Agbẹ̀bí ni mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, a kì í sábà sọ ọ́ nílé ìwòsàn, nítorí pé nígbà tí ó bá ń ṣẹlẹ̀, ìyá ọlọ́mọ kì í sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Nígbà tí ó bá bímọ, a óò wo ìfúnpá rẹ̀, a óò wo ikùn rẹ̀, a óò bi í bí ó ṣe sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a óò tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ nìkan ni a ń wò. Ìyá á gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, a óò gbé ọmọ lé ìwọ̀n, a óò kọ ọ́ sínú káàdì, ìyá á sì tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó di ilé. Ọjọ́ tí yóò já ọmọ náà lẹ́nu ọmú kò sí nínú káàdì kankan.

Nínú ilé pàápàá, bákan náà ni. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ará ilé ń béèrè pé, ṣé ọmọ ń jẹun? Ṣé ó sùn lóru àná? Ṣé ó ṣì ń wá ọmú? Ìbéèrè rere ni gbogbo wọn. Bíbélì sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí a já Ísáákì lẹ́nu ọmú, Ábúráhámù se àsè ńlá. Bí ara Sárà ṣe rí lọ́jọ́ àsè náà, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú jẹ́ àyípadà ńlá nínú ara ìyá, pé ara rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ jọ ń yí padà láti orísun kan náà ni, àti pé ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ojú ìwàkiwà wo ohun tó jẹ́ iṣẹ́ ara.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé orísun náà. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, nǹkan kékeré kan wà tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pituitary. Bí ọmọ bá ti ń fa ọmú, iṣan ara á gbé ìròyìn náà dé ọpọlọ, pituitary á sì tú èròjà méjì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ prolactin, òun ló ń pàṣẹ fún ọmú pé kó ṣe omi. Èkejì ń jẹ́ oxytocin, òun ló ń fún àwọn àpò kéékèèké tó wà nínú ọmú kí omi inú wọn lè tú jáde. Oxytocin kì í dúró de ẹnu ọmọ nígbà gbogbo. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ohun tí ẹ̀yin abiyamọ sì mọ̀ dájú ni pé kì í ṣe etí nìkan, ọmú náà ń gbọ́, omi á ti rin aṣọ yín kí ẹ tó dé ibi tí ọmọ wà. Àwọn èròjà méjèèjì yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn: wọ́n ń dẹ ara, wọ́n ń mú ọkàn balẹ̀, wọ́n ń kun ìyá lóorun lẹ́yìn tí ọmọ bá mu ọmú tán, wọ́n sì wà lára ohun tó ń so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kò bá fa ọmú mọ́, méjèèjì á lọ sílẹ̀. Lákòókò kan náà, àwọn èròjà tó ń darí nǹkan oṣù, tí prolactin ti dì mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ìyẹn estrogen àti progesterone, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohun tó ń lọ sílẹ̀ àti ohun tó ń gòkè pàdé nínú ara obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ kò sì rí ohunkóhun, àfi pé ara òun kò ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe.

Ọmú ni àyípadà náà kọ́kọ́ ń hàn sí. Bí a bá dá ọmọ dúró lójijì, ọmú kò mọ̀ pé ọmọ kò ní padà wá, ó ń ṣe omi lọ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ọmú á kún, á le, á máa gbóná, á máa wúwo. Ìyá á máa dùbúlẹ̀ lẹ́yìn nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kò ṣeé fi sùn. Omi tó dúró sínú ọmú yìí gan-an ló ń sọ fún ọmú pé kó dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí omi fi ń gbẹ níkẹyìn láìlo oògùn kankan. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró jù, ọ̀nà tí ó ń gbà lè dí, apá kan ọmú á wú, á pọ́n, á gbóná ju àwọn apá yòókù lọ, ibà àti òtútù á sì dé. Kí a má ṣe pe èyí ní ibà lásán kí a lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ọmú ló ń ṣàìsàn. Kí ìyá náà máa fún omi jáde, kí ó fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e, kí ó lo paracetamol, bí kò bá sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, kí ó wá sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò bá tètè wá, oówo lè gbá jọ sínú ọmú náà, abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ dókítà nìkan ló sì lè mú ọyún inú rẹ̀ jáde.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ọ̀nà tí àwa gan-an ń gbà já ọmọ lẹ́nu ọmú ló ń fa púpọ̀ nínú ìrora yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ ọ̀nà náà. Ìyá ń ṣiṣẹ́ ní Adó, ó jẹ́ olùkọ́ tàbí oníṣòwò. Ìsinmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ilé ìwé fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Wọn á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọ̀tùn ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá á sì padà sílé pẹ̀lú ọmú tó kún. Ẹlòmíràn kò ní gbé ọmọ lọ, ṣùgbọ́n yóò fi omi ewúro pa orí ọmú, ọmọ á fi ẹnu kàn án, á sunkún, á tún padà wá, á tún sunkún, títí tí kò fi ní wá mọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá àgbà tó ń gba ọmọ wọ̀nyí ń ṣe oore ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síbí ni wọ́n já lẹ́nu ọmú báyìí tí a sì dàgbà. Ọmọ náà á sunkún ní alẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ní Èkìtì wa níbí, ọmọ kì í pẹ́ mọ adùn iyán. Ìyá tó wà ní Adó ni kò rí ẹni rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọmú ń ro ó, ilé dákẹ́, wọ́n sì ti sọ fún un pé bí ó bá fún omi ọmú náà jáde, kò ní gbẹ láéláé. Wọ́n ní kí ó fi ọ̀já di àyà gbọnin, kí ó má sì mu omi púpọ̀.

Kò sí òtítọ́ nínú ìkìlọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀já tí a dì gbọnin ń dí ọ̀nà omi, ó sì ń pe ọmú wíwú; kọ́mú tó gba ọmú dáadáa láìfún un ló dára. Àìmu omi kò dín omi ọmú kù, òùngbẹ àti orí fífọ́ ló ń fà. Ní ti fífún omi jáde, ohun tí a ń sọ ni pé kí ìyá fún ìwọ̀nba tí yóò mú ìrora rọlẹ̀, kó má fún un títí ọmú á fi gbẹ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyókù tó kù sínú ọmú á máa pàṣẹ pé kí iṣẹ́ dínkù, ọmú á sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà tó dára jù lọ ni kí a máa yọ ìgbà ọmú kan kúrò lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ bá ń mu ọmú nígbà márùn-ún lójúmọ́, kí ìyá kọ́kọ́ yọ èyí tí ọmọ kò kà sí, bóyá ti ọ̀sán, kí ó fi oúnjẹ rọ́pò rẹ̀: ògì tí a fi sóyà tàbí edé lílọ̀ sí, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin, ẹ̀wà tí a gún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ọmú bá ti bá a mu, kí ó yọ òmíràn. Kí ti òru tàbí ti ìdájí jẹ́ èyí tí a máa fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ọkàn ọmọ àti ti ìyá jù. Iṣẹ́ yìí lè gba oṣù kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè lè sọ pé òun kò ní oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí n rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ létí pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààyè ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ lè jẹun lọ́sàn-án kí ó sì mu ọmú ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Pípadà sẹ́nu iṣẹ́ kò sọ ọ́ di dandan pé kí ọmú dópin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, kí ó sì máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún 2 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn agbọ́mú-gbẹ fún yín ní kẹ́mísì. Èyí tí wọ́n sábà máa ń tà ni bromocriptine. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti dẹ́kun lílò ó fún gbígbẹ omi ọmú láti nǹkan bí ọdún 1994 sí 1995, nítorí pé àwọn obìnrin kan tó lò ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gìrì, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn. Ìdí wà tí dókítà fi lè kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ìyá, pàápàá ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú tí ọmú rẹ̀ sì kún ní ọjọ́ kẹta, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìrora tó burú jù tí mo ti rí nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó pinnu rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ìfúnpá ìyá náà.

Lẹ́yìn tí omi bá gbẹ, àwọn àpò tó ń ṣe omi á tú ká, ọ̀rá á sì máa rọ́pò wọn láàárín oṣù mélòó kan. Ọmú á rọ̀, ó lè kéré sí i, ọ̀kan lè tóbi ju èkejì lọ, kò sì sí àìsàn nínú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ obìnrin gbà pé ọmọ ló fa ọmú àwọn tó fi ṣubú. Ìwádìí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iye oyún tí obìnrin ti ní, ọjọ́ orí rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe sanra tó àti sìgá mímu ni wọ́n ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó fún ọmọ lọ́mú kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò fún un. Ẹ̀kán omi lè máa yọ bí a bá tẹ orí ọmú fún oṣù mélòó kan sí i, kò sì burú. Bí omi bá ń dà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí orí ń fọ́ tí ojú sì ń ṣú pẹ̀lú rẹ̀, kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ní ti nǹkan oṣù, àwọn kan ti ń rí i kí wọ́n tó já ọmọ lẹ́nu ọmú, àwọn mìíràn kì í rí i àfi ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè kọ́kọ́ máa ṣe ségesège. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọkọ àti aya gbọ́ dáadáa ni pé ẹyin obìnrin ń jáde ṣáájú nǹkan oṣù àkọ́kọ́. Nítorí náà, obìnrin lè lóyún láìrí nǹkan oṣù rárá. Ọmú mímu ń dáàbò bo ìyá lọ́wọ́ oyún fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, bí ọmọ kò bá jẹ ohun mìíràn tí nǹkan oṣù kò sì tíì dé, ààbò náà sì lágbára tó ìdá 98 nínú 100. Lẹ́yìn náà kò ṣeé gbára lé mọ́, ọjọ́ tí a bá sì já ọmọ lẹ́nu ọmú ni ó parí pátápátá.

Láyé àwọn bàbá wa, abiyamọ kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí a óò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí tó lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta. A ti pa àṣà yẹn tì, ṣùgbọ́n ohun kan kù nínú rẹ̀: ọkọ àti ẹbí ọkọ ṣì ń wo ọjọ́ tí a já ọmọ lẹ́nu ọmú bí ọjọ́ tí ìyàwó di ti ọkọ padà, kò sì ní pẹ́ tí ìbéèrè ọmọ mìíràn á fi bẹ̀rẹ̀. Ara ìyá lè máà tíì ṣetán. Àwọn onímọ̀ ìlera gbà wá níyànjú pé kí ó tó oṣù 24, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí ẹ tó já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá ti pẹ́. Ohun kan tó ń dùn mọ́ àwọn obìnrin nínú ni pé gbígbẹ ojú ara, tó ń jẹ́ kí ìbálòpọ̀ máa dùn wọ́n nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú, á dínkù bí estrogen ṣe ń gòkè.

Egungun àti ara sísan, màá kàn fọwọ́ kàn wọ́n ni. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú sábà máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 sí 5 nínú 100 lára egungun rẹ̀, nítorí pé kálísíọ̀mù inú omi ọmú ń ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n egungun náà ń padà bọ̀ sípò láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí a já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, edé, wàrà àti ẹ̀fọ́ á ràn án lọ́wọ́. Ṣíṣe omi ọmú náà ń gba nǹkan bí kálórì 500 lójúmọ́. Ẹni tí kò bá dín oúnjẹ rẹ̀ kù lẹ́yìn tí ọmú dópin lè bẹ̀rẹ̀ sí í sanra láìmọ ibi tí ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ni mo fẹ́ lo àkókò mi lé lórí jù.

Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ kejì tí òun já ọmọ òun lẹ́nu ọmú, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò, òun sì gbọ́ ẹkún ọmọ kan ní ìta, ọmọ ẹlòmíràn ni. Ọmú rẹ̀ sọ. Ó wo aṣọ rẹ̀, ó rí i pé omi kò yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú àwọn ọmọ náà, kò sì lè dákẹ́. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pàápàá, nítorí pé kò mọ ohun tí yóò sọ pé ó ṣe òun: ọmọ kò kú, ọmọ kò ṣàìsàn, òun fúnra òun ló sì pinnu láti já a lẹ́nu ọmú. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Inú á kàn máa bí wọn sí ohun tí kò tó nǹkan. Oorun kò ní wá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń sùn. Àyà á máa já wọn. Wọn á ro pé ọmọ kò fẹ́ràn àwọn mọ́, pàápàá bí ọmọ bá dé láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó sì ń sá tọ ìyá àgbà lọ.

Apá kan nínú èyí jẹ́ iṣẹ́ àwọn èròjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń le jù fún ẹni tó já ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì: ohun tó yẹ kó rọ díẹ̀díẹ̀ wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Apá kejì kì í ṣe ti èròjà kankan. Fún odidi ọdún kan tàbí méjì, ọmọ yìí ti ní ohun kan tí ìyá rẹ̀ nìkan lè fún un nínú gbogbo ayé. Bàbá lè wẹ ọmọ, ìyá ọkọ lè rẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n lè pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ní òru dúdú ìyá nìkan ni ọmú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó parí, kò sì ní padà wá pẹ̀lú ọmọ yẹn láéláé. Ẹni tó bá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kò ya aláìmoore sí Ọlọ́run tó fún un lọ́mọ.

Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìyá wà tí inú wọn dùn lọ́jọ́ tí ọmú dópin. Ara wọn padà di tiwọn, wọ́n sun oorun àsùnmọ́jú, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí inú wọn ń dùn tí wọ́n sì ń sunkún ní ọjọ́ kan náà, irọ́ kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Níbo ni ààlà wà láàárín èyí àti àìsàn? Ìbànújẹ́ tí jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú nìkan fà sábà máa ń fúyẹ́ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí obìnrin kò rí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú mọ́, tí kò lè jẹun tàbí tí kò lè sùn, tí ó ń sọ pé òun kò wúlò, tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ, ìsoríkọ́ ni ká fura sí. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ìlú Edinburgh ní ọdún 1987, tí a ṣì ń lò fún àwọn ìyá ọlọ́mọ títí di òní, ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹ lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó bi yín. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí lẹ́yìn ìbímọ ni kí a ṣọ́ jù. Bí ìyá bá sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí pé òun ń ro láti ṣe ọmọ ní ibi, kí a má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bóyá ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó níbí tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Mo mọ̀ pé ilé àdúrà ni ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́kọ́ ń sá lọ, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Ẹ gbàdúrà. Kí dókítà náà rí i lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré, tàbí pé nǹkan kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, tí wọ́n ń pè ní thyroid, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, èyí tó wọ́pọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, tó sì ń mú kó rẹ ènìyàn, kí àyà máa lù kìkì, kí ọkàn má balẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi ìyẹn hàn.

Ẹ̀yin ọkọ, iṣẹ́ yín kò pọ̀ ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Kùránì sọ pé bí bàbá àti ìyá bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àti ìjíròrò láàárín ara wọn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Ìjíròrò yẹn ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ jókòó kí ẹ jọ mú ọjọ́. Ẹ máa gba ọmọ lóru, kí ó jẹ́ àyà yín ni yóò sùn lé, nítorí pé ọmọ tó bá ń gbọ́ òórùn omi ọmú lára ìyá rẹ̀ kò ní gbàgbé. Bí ìyàwó yín bá sọ̀rọ̀ líle síi yín ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má ṣe kó ẹbí jọ láti bá a wí. Ẹ bi í pé, báwo ni ara rẹ? Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí kókó nínú ọmú lẹ́yìn tí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n á sì sọ pé omi ọmú ló dì. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi tó dì, á sì lọ. Ṣùgbọ́n kókó tí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó le, tí kì í sì í yẹ̀ bí a bá tì í, tàbí orí ọmú tó ń wọ inú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti orí ọmú jáde, kí a lọ fi hàn dókítà láìdúró de oṣù tó ń bọ̀. Fífún ọmọ lọ́mú ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú, ewu náà ń fi nǹkan bí ìdá 4.3 nínú 100 dínkù. Ó dín in kù, kò mú un kúrò. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wá nítorí pé wọ́n rò pé omi ọmú ni, ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí púpọ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, yèyé kan láti Ìgèdè dìde. Ó ní wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ òun obìnrin, wọ́n sì já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú ní ọmọ oṣù mẹ́rin nítorí àìsàn náà. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ojoojúmọ́ ló ń sunkún pé òun kò fún ọmọ lọ́mú tó. Ó béèrè pé ṣé omi ọmú lè padà wá.

Mo dá a lóhùn pé ó lè padà wá. Kí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kọ́kọ́ sọ pé kò sí oògùn lára ìyá tó lè pa ọmọ lára. Lẹ́yìn náà, kí ìyá gbé ọmọ sí ọmú nígbà mẹ́jọ sí méjìlá lójúmọ́, tọ̀sán tòru, bí omi tilẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀, kí ara ọmọ sì máa kan ara rẹ̀ láìsí aṣọ láàárín wọn. Fífà tí ọmọ ń fà yìí ni yóò tún jí prolactin. Omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́fà, ó sì máa ń rọrùn sí i bí ọmọ bá kéré tí àkókò kò sì tíì pẹ́. Kí wọ́n má ṣe dá oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ báyìí dúró títí omi á fi tó. Ife kékeré ni kí wọ́n máa fi fún un dípò ìgò onírọ́bà, kí ẹnu ọmọ má baà kọ ọmú. Kí wọ́n máa wọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní kí yèyé mú àwọn méjèèjì wá ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń bọ̀, mo sì sọ fún un pé lọ́jọ́ náà, ìyá ọmọ ni màá kọ́kọ́ pè wọlé.